Àwọn tí ọsibítù àkọ́kọ́ ò gbà: bí wọ́n ṣe pàgọ́ fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ ní Denver lọ́dún 1904

Oṣù September ọdún 1904 ni. Lẹ́yìn ìlú Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, lójú títì West Colfax, pápá ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà yẹn, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, òkè ńláńlá wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn kan wá pàgọ́ mélòó kan síbẹ̀, àgọ́ funfun tó ní pákó nílẹ̀, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, wọ́n sì gba aláìsàn méje wọlé. Ìyẹn náà ni ọsibítù o. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rò pé àwọn ṣọ́jà ló sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ lóru.

Àwọn Júù ló dá a sílẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n fẹ́ máa wò níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn mi rèé: ní Denver kan náà, lẹ́bàá títì Colfax kan náà, ṣùgbọ́n lápá ìlà oòrùn ìlú, àwọn Júù ti ní ọsibítù gidi tí wọ́n fi ilé kọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ kan náà ni wọ́n ń wò níbẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà, kò sì tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣí i. Kí wá ló dé táwọn míì tún fi ń pàgọ́ sínú pápá? Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn, mo sì fẹ́ rọra kọ ọ́, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé lágbájá burú tàmẹ̀dò dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àrùn yẹn fúnra ẹ̀. Àwọn òyìnbó ayé ìgbà yẹn ń pè é ní consumption, pé ńṣe ló ń jẹ èèyàn tán díẹ̀díẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ làwa ń pè é, létí tèmi orúkọ tiwa yẹn gan-an ló bá a mu, torí ńṣe lèèyàn máa ń gbẹ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹja orí àrò. Lọ́dún 1882 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, sọ fáyé pé òun ti rí kòkòrò tó ń fà á, ó ní nínú èèyàn méje tó bá kú, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé àrùn yìí ló pa á. Àmọ́ rírí kòkòrò ò túmọ̀ sí pé oògùn ti dé. Ọdún 1943 ni wọ́n tó rí streptomycin, oògùn tó ń pa kòkòrò náà, ìyẹn lé lọ́gọ́ta ọdún lẹ́yìn ti Koch, ní gbogbo àárín ìgbà yẹn ohun tí dókítà lè sọ fún ẹ ò ju mẹ́ta lọ: sinmi, jẹun dáadáa, wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti dáa gbé.

Ibi tí Denver ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, oòrùn ń ràn níbẹ̀ ṣáá, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, kò lọ́rinrin, ni gbogbo Amẹ́ríkà bá gbà pé ibẹ̀ lẹ̀dọ̀fóró ti ń sàn. Olówó ń gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń gbàtẹ́gùn. Tálákà náà ń wọ rélùwéè bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan láwọn ìlú ńlá apá ìlà oòrùn tiẹ̀ máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ, kò sí àbọ̀, wọ́n á ní ó dàbọ̀ o, Denver á tọ́jú ẹ. Ẹni náà á sọ̀ kalẹ̀ ní stéṣọ̀n, kò mọ ẹnì kankan, kò lówó lọ́wọ́, ikọ́ ń wú u, ẹni tó fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ bá gbọ́ ikọ́ yẹn kò ní gbà á sílé.

Àwọn Júù pọ̀ nínú wọn, ìdí ẹ̀ ò sì fara sin. Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lù wọ́n ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1881, ọ̀pọ̀ wọn ti ń sá wá sí Amẹ́ríkà, New York ni ọ̀pọ̀ ń balẹ̀ sí, iṣẹ́ ìránṣọ ló sì gba ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ fojú inú wò ó, yàrá kan ṣoṣo, fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ń ránṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi áyọ̀ọ̀nù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn, eruku aṣọ ń wọ̀ wọ́n nímú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ẹnì kan bá ti ń wúkọ́ nínú wọn ó parí nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ sọ ikọ́ ẹ̀gbẹ di àrùn télọ̀. David Edelstadt, akéwì tó ń fi Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà oòrùn Yúróòpù, kéwì fáwọn òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ojú ihò bọ́tìnnì aṣọ ló ń ṣe jẹun, ikọ́ yìí mú un, ó wá afẹ́fẹ́ rere lọ sí Denver, ibẹ̀ ló sì kú sí ní October 1892. Ọmọ ọdún 26 péré.

Oṣù yẹn gan-an, October 1892, ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ọsibítù àkọ́kọ́ yẹn lélẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Wisebart Jacobs ló ti ń pariwo fún un látọjọ́ pípẹ́. Obìnrin yìí ò ní ìtìjú ní ti kó máa tọrọ owó fáwọn aláìní, ó máa ń wọ ilé àwọn aláìsàn lọ tòun ti oúnjẹ àti ọṣẹ, bí ẹnì kan bá ṣubú lójú títì tó ń pọ ẹ̀jẹ̀, táwọn tó kù ń yẹra, òun á dúró. Òtútù àyà pa á ní November ọdún yẹn, kò ju ẹni ọdún 49 lọ. Wọ́n kọ́lé náà parí lọ́dún 1893, ọdún yẹn náà ni owó fàdákà já lulẹ̀, ọrọ̀ ajé Colorado sì dojú dé, torí fàdákà ni wọ́n gbójú lé. Ilé tuntun, bẹ́ẹ̀dì kò sí, aláìsàn kò sí, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn oníkọ́ ń kú síta ní tòsí ẹ̀. Ó dìgbà tí B'nai B'rith, ẹgbẹ́ aláàánú àwọn Júù, dá sí i kí wọ́n tó rí i ṣí ní December 10, 1899, wọ́n pè é ní National Jewish Hospital for Consumptives. Àyè èèyàn 60 ló wà níbẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kì í tiẹ̀ ṣe Júù, obìnrin ará Sweden kan tó ti Minnesota wá ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe ara wọn sì dùn ún gbọ́: ẹni tó lè sanwó ò gbọdọ̀ wọbí, ẹni tó wọbí ò lè sanwó.

Torí náà ẹni tó bá ní ọsibítù yìí ò láàánú ń parọ́ ni. Rúùlù wọn ni wàhálà.

Rúùlù àkọ́kọ́, wọ́n ò ní gbà ẹ́ àfi tí ikọ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkejì, oṣù mẹ́fà lo lè lò mọ. Ẹ̀kẹta, o ní láti fi hàn pé tó o bá jáde, wàá rí nǹkan gbọ́ bùkátà ara ẹ, o ò ní di ẹrù sí ìlú lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá jókòó sí àga kọmití ọsibítù yẹn, rúùlù wọ̀nyẹn mọ́gbọ́n dání: bẹ́ẹ̀dì ò tó, owó ò tó, ẹni tó lè yè ni kẹ́ ẹ gbé sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ò ní yè á lo bẹ́ẹ̀dì náà lásán. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìwà ìkà ni, mi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo rò pé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, ìṣirò yẹn sì tọ̀nà lórí bébà.

Àmọ́ ẹ wá gbé télọ̀ kan kalẹ̀, ẹnì kan lásán, ká má pe orúkọ. Ó ní ìyàwó àti ọmọ ní New York. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní December, ó ní òtútù ni. March dé, ó ṣì ń wúkọ́, ó ti ń rù, ó ń làágùn lóru, àmọ́ ta ló máa fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ rí dókítà, ọjọ́ tó ò bá ránṣọ wọn ò ní sanwó fún ẹ. Ọjọ́ tó pọ ẹ̀jẹ̀ sórí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ ni ọ̀gá lé e. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ìgbà yẹn náà ni wọ́n tó dáwó tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Nígbà tó máa fi dé ẹnu géètì ọsibítù ní Denver, ikọ́ yẹn ti kúrò ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, dókítà gbé nǹkan sí i láyà, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó mi orí. Ṣé ẹ rí i báyìí, tálákà tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́lé, ìṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kì í jẹ́ kó dé lásìkò. Níbo ló máa wá lọ? Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń darí ọsibítù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Júù tí ìran wọn ti Jámánì wá, wọ́n ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí já jẹ, ẹ̀sìn wọn ò le koko mọ́, wọn ò sì se oúnjẹ kosher fún aláìsàn. Àwọn tó ń ti Rọ́ṣíà àti Poland dé, kosher ni wọ́n jẹ dàgbà: ẹlẹ́dẹ̀ kò wọlé, ẹran àti mílíìkì kì í pàdé nínú abọ́ kan, ìkòkò tiẹ̀ yàtọ̀ síra. Òótọ́ ni pé òfin Júù fúnra ẹ̀ gbà kéèyàn rú irú òfin bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, tó wà lọ́nà jíjìn sílé, tó ń bẹ̀rù ikú, ẹ wá ní kó jẹ èèwọ̀ ìdílé ẹ̀, ṣé ó máa gbà á lọ́nà ọ̀fun? Oúnjẹ sì ni ìdajì ìwòsàn àrùn yẹn.

Dókítà kan wà nílùú tí gbogbo ẹ̀ ń dùn. Charles Spivak lorúkọ ẹ̀. Kremenchug ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1861, ní ibi tó ti di Ukraine lónìí, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ko ìjọba ọba Rọ́ṣíà, ó sá wá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1882, ó ṣe lébìrà, ó ṣiṣẹ́ oko, kó tó ráyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Jefferson ní Philadelphia, ó sì jáde níbẹ̀ lọ́dún 1890. Àìsàn ìyàwó ẹ̀ ló gbé e dé Denver lọ́dún 1896, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ẹ ò rí nǹkan, dókítà tí ẹjọ́ náà wà nínú ilé tiẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Spivak nìkan ló dá ibi àgọ́ yẹn sílẹ̀, mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, torí àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọkùnrin kan ṣe gbogbo ìtàn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké, ikọ́ yẹn ń ṣe àwọn míì nínú wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1904 tó ń jẹ́ Jewish Consumptives' Relief Society, JCRS ni wọ́n ń gé e sí. Dókítà Philip Hillkowitz, ọmọ rábì, di ààrẹ ẹgbẹ́, Spivak di akọ̀wé, ipò akọ̀wé yẹn ló sì wà títí tó fi kú. Owó ẹgbẹ́ ò wá látọ̀dọ̀ olówó ńlá kan tó máa kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri, sẹ́ǹtì mẹ́wàá mẹ́wàá ló pọ̀ jù, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà. Bí èèsú, àfi pé ẹni tó ń dá a ń gbàdúrà kó má kan òun láé. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan nínú Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àti òfin àwọn Júù, wọ́n fi ṣe àkọlé iṣẹ́ wọn: ẹni tó bá gba ẹ̀mí ẹyọ kan là, bí ìgbà tó gba gbogbo ayé là ni.

Rúùlù tiwọn kúrú. Bó ti wù kí ikọ́ náà le tó, ẹ gbà á wọlé. Kosher ni wọ́n ń sè. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni oògùn àkọ́kọ́, nítorí náà ìta ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, àtẹ̀ẹ̀rùn àtìgbà òtútù. Àwọn àgọ́ yẹn, wọ́n ṣe é kí atẹ́gùn lè máa gba inú ẹ̀ kọjá, aláìsàn á da búláńkẹ́ẹ̀tì bora tó nípọn, á dé fìlà, imú nìkan ló máa wà níta, yìnyín á máa já bọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ti fèrèsé tí harmattan bá dé, ẹ gbọ́ o. Láàárọ̀ wọ́n á wo bí ara ṣe gbóná tó, tó bá gbóná o ò gbọdọ̀ dìde, wọn ò ní jẹ́ kó o jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Tí ara bá balẹ̀, wàá lọ jókòó sí àga gbọọrọ lóòrùn, jẹ́ẹ́, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, o ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín jù, torí ẹ̀dọ̀fóró lò ń fún nísinmi. Mílíìkì ìfé lórí ìfé, ẹyin tútù wọ́n á fọ́ ọ wọ́n á ní kó o gbé e mì, ọ̀sán ẹyin, alẹ́ ẹyin. Sísanra ni àmì pé o ń gbádùn, wọ́n á gbé ẹ sórí ìwọ̀n, tó o bá fi kún díẹ̀ inú gbogbo yín á dùn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Agolo kékeré kan wà tí oníkálukú ń mú rìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń tutọ́ sí, wọ́n á sì lọ jó o níná. Ẹni tó bá tutọ́ sílẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù níbẹ̀. Nígbà tó yá, nígbà tí iṣẹ́ dókítà ti ń tẹ̀ síwájú, wọ́n tún máa ń fi abẹ́rẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sáàárín igbá àyà àti ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn lè pa dé, kó sinmi, ẹ̀rù á bà ẹ́ tó o bá kà nípa ẹ̀ àmọ́ ó gba àwọn kan là.

Kí n sòótọ́, afẹ́fẹ́ orí òkè ò pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Oúnjẹ àti ìsinmi ló jẹ́ kí ara àwọn kan lágbára tó láti sé kòkòrò náà mọ́lé fúnra ẹ̀. Èyí tí wọn ò tíì kà sí oògùn ni pé agolo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn, àti bí wọ́n ṣe kó oníkọ́ kúrò nínú yàrá tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló gba èèyàn tó pọ̀ jù là, àwọn tí ò tiẹ̀ fojú kan Denver rí.

Lójú tèmi sha, ohun tó mú ibi àgọ́ yẹn yàtọ̀ ni pé wọn ò sọ aláìsàn di ẹrù tí wọ́n kàn ń tọ́jú. Èdè Yiddish ni wọ́n ń sọ síra wọn, Sábáàtì ń bọ̀, Ìrékọjá ń bọ̀, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀, wọ́n ní ìwé kíkà àti ibi ìjọsìn. Láti 1907 ni ẹgbẹ́ ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiẹ̀ jáde. Solomon Bloomgarden, akéwì tí gbogbo ayé Yiddish mọ̀ sí Yehoash, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló gbé òun náà wá sí Denver ní nǹkan bí 1900, ó di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, ó bá wọn tọrọ owó kiri, òun àti Spivak tún jókòó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè pọ̀, ó jáde lọ́dún 1911. Láàárín ikú àti ikọ́, àwọn kan jókòó wọ́n ń to ọ̀rọ̀ èdè jọ. Akéwì míì, H. Leivick, náà wá gbé níbẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940.

Ìjà ṣẹlẹ̀ o, kò ní ṣe kó má ṣẹlẹ̀. Àwọn ti ọsibítù àkọ́kọ́ ò rí ìdí tí ilé méjì fi gbọ́dọ̀ wà fún iṣẹ́ kan náà, Rábì William Friedman ti sínágọ́gù Temple Emanuel wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n ń bẹ̀rù pé tí ìròyìn bá tàn pé Denver ń gba ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, gbogbo ìlú ló máa kó oníkọ́ wọn wá. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn, wọ́n ti ń kó wọn wá tẹ́lẹ̀. Àwọn ti àgọ́ náà ò pa ẹnu mọ́, wọ́n ní àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó ti Jámánì wá ń fi àánú ṣe wọ́n bí ọ̀gá ṣe ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Tí wọ́n bá wá gbé ìṣirò kalẹ̀, ti JCRS máa ń burú lójú, òkú pọ̀. Báwo ló ṣe máa ṣe tí ò ní pọ̀? Ẹni tí ilé kan ò gbà ló ń kú sí ìkejì, ìkejì ló wá ń ka òkú. Ẹ lè lọ sí itẹ́ òkú Golden Hill lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú, ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ò ní mọ̀lẹ́bí nítòsí ni wọ́n sin síbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kú sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, lójú tèmi ìyẹn náà wà lára ìtọ́jú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè kọ ọ́ sínú ìṣirò.

Àgọ́ yẹn dàgbà di ìlú kékeré. Ilé gidi rọ́pò aṣọ, wọ́n ní máàlú tiwọn àti adìyẹ tiwọn, ilé ìtẹ̀wé tiwọn, wọ́n kọ́ sínágọ́gù Isaac Solomon síbẹ̀ láàárín 1925 sí 1926, wọ́n tiẹ̀ ní pósí ọ́fíìsì, Spivak ni wọ́n sọ ọ́, kéèyàn kọ Spivak, Colorado sára lẹ́tà kó sì dé. Nígbà tó yá, ọsibítù àkọ́kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í se kosher. Streptomycin dé, isoniazid, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ míì, tẹ̀ lé e lọ́dún 1952, àwọn bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, lọ́dún 1954 ni JCRS yí orúkọ padà sí American Medical Center tó wá dojú kọ jẹjẹrẹ. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ló wá gba ilẹ̀ náà. Ti ìlà oòrùn ìlú ṣì ń ṣiṣẹ́, National Jewish Health ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ṣì mọ̀ jù.

Spivak ò rí oògùn náà. October 1927 ló kú, ó sì ti kọ wíìlì sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òkú òun lọ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó bá sún mọ́ wọn jù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ là á wò, kí iye àwọn tó jẹ́ Júù nínú wọn dọ́gba pẹ̀lú iye àwọn tí kì í ṣe Júù. Tí wọ́n bá là á tán, kí ẹni tó mọṣẹ́ to egungun òun padà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yunifásítì tó wà ní Jerúsálẹ́mù, kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀.